Ìtọ́wò Aró

Bí ilẹ̀ ti mọ́, àpótí ìjọba, ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ tó sì ń kó ọgbọ́n àgbà jọ, tan iná ojú rẹ̀ lórí tábìlì Màmá Àyọ̀ká. Ó di ọdún mẹ́ta tí ohùn mìíràn yàtọ̀ sí ti àpótí yìí ti kí Màmá nínú ilé náà kẹ́yìn. Màmá ti ro gbogbo iṣẹ́ aró rẹ̀ fún un, látorí ewé ẹ̀lú dórí omi eérú. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ ní ahọ́n lẹ fi ń mọ̀ pé aró ti tó rẹ aṣọ. Báwo ló ṣe ń rí lẹ́nu?"

"Ìwọ tí ò láhọ́n, kí lo fẹ́ fi ṣe?" Màmá bú sẹ́rìn-ín. Bó ti ń dá a lóhùn láràárọ̀ nìyẹn, torí ọjọ́ tó bá sọ ọ́ ni wọn yóò gbé àpótí lọ sílé àgbà mìíràn.

"Wọ́n ní òní lòpin, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́."

Màmá ti ìka bọ ẹnu bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, ó wá ìtọ́wò náà títí, kò rí i. Ìkòkò aró ti gbẹ láti ọdún méjìlá. Ahọ́n ti gbàgbé.

"Màmá, kí ni kí n kọ?"

"Kọ ọ́ pé mo mọ̀ ọ́n rí."

Àpótí dúpẹ́. Iná ojú rẹ̀ kú.