Ẹni Tó Gbá Ipasẹ̀ Ara Rẹ̀ Rẹ́

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ, kí ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìdíẹ̀gbà. Ìlú yìí wà níbi tí iyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti la òkun àti ọ̀sà láàárín. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà ni ẹrẹ̀ dúdú wà, tí àwọn igi ẹ̀gbà na gbòǹgbò lé lórí bí ẹsẹ̀ alákàn. Lékeléke ń sùn lórí wọn, ọ̀nì ń yáàrùn nídìí wọn, awọ́nríwọ́n sì ń fi ahọ́n wá ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ kiri.

Apẹja kan ń gbé níbẹ̀ tó ń jẹ́ Akíntìmẹ́yìn. Alágbára ni, ó sì mọ ọkọ̀ tù, ṣùgbọ́n ohun tí ojú rẹ̀ bá ti rí, ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kàn án.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìjàpá òkun máa ń gòkè wá yé ẹyin sínú iyanrìn, ipasẹ̀ rẹ̀ á sì fẹ̀ bí ojú ọ̀nà. Àṣà Ìdíẹ̀gbà ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ipasẹ̀ náà láàárọ̀ yóò já imọ̀ ọ̀pẹ, yóò fi gbá a rẹ́ láti ìdí ẹyin títí dé etí omi, kí awọ́nríwọ́n àti olè má baà rí ọ̀nà débẹ̀. Bó bá gbá a tán, yóò ní, "Máa lọ ire. A ò rí ọ." Kò sẹ́ni tó ń wú ẹyin náà. Àwọn àgbà ní iyanrìn yẹn lólùṣọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ irú ẹni tó jẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kùrukùru bolẹ̀. Akíntìmẹ́yìn àti ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ṣíjú, so ọkọ̀ wọn mọ́ èèkàn létí ọ̀sà. Ọkọ gòkè lọ wo àwọ̀n tó sá sórí iyanrìn, ló bá rí ipasẹ̀ ìjàpá. Ó padà wá mú agbọ̀n.

"Bàbá Ṣíjú, agbọ̀n kẹ̀? Ṣé inú agbọ̀n lẹ fẹ́ gbá iyanrìn sí ni?"

"Jókòó ti ọkọ̀ rẹ, obìnrin yìí. Ta ni yóò rí mi nínú kùrukùru yìí?"

"Ẹni tó ń ṣọ́ iyanrìn ńkọ́?"

Akíntìmẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. "Bó bá wà lóòótọ́, kó wá bá mi gbálẹ̀."

Ó débẹ̀, ó wú gbogbo ẹyin náà, kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Agbọ̀n kún dẹ́nu. Kí ará ìlú má baà mọ̀, ó já imọ̀ ọ̀pẹ, ó gbá ipasẹ̀ ìjàpá rẹ́, ó sì gbá ti ara rẹ̀ náà rẹ́. Ó fẹnu yẹ̀yẹ́ sọ pé, "Máa lọ ire. A ò rí ọ." Ó sọ imọ̀ náà sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò, ó gbé agbọ̀n rù, ó kọrí sí ọ̀nà ọkọ̀.

Kò tíì rìn jìnnà tó fi gbọ́ ọ lẹ́yìn rẹ̀: ṣàà, ṣàà. Ó dúró, nǹkan náà dúró. Ó gbẹ́sẹ̀, ó tún gbọ́ ọ: ṣàà, ṣàà. Ó bojú wẹ̀yìn. Kò rí ẹnì kankan, ṣùgbọ́n iyanrìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ti mọ́ tónítóní, bí ẹni pé ẹsẹ̀ èèyàn ò kàn án rí. Àwọn lékeléke tó ń ké ti pa lọ́lọ́. Òkun ń hó níwájú, ó ń hó lẹ́yìn, kò sì mọ ibi tó ti wá mọ́. Ó sáré. Nǹkan náà sáré tẹ̀ lé e.

Eré yẹn ló gbé e wọ inú ẹrẹ̀ ẹ̀gbà. Ó rì dé itan. Bó ṣe ń jà ló ń rì sí i. Agbọ̀n ṣubú, ẹyin fọ́n ká. Ó figbe ta: "Ìyá Ṣíjú, gbà mí o!"

Obìnrin náà fò jáde nínú ọkọ̀. "Níbo lẹ wà? Mò ń wá ipasẹ̀ yín, mi ò rí i!" Kùrukùru ń gbé ohùn ọkọ rẹ̀ lọ sápá ọ̀tún, ó ń gbé e lọ sápá òsì. Ipasẹ̀ nìkan ni ì bá mú un débẹ̀, kò sì sí ẹyọ kan.

Àwọn awọ́nríwọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láàárín gbòǹgbò. Wọ́n jẹ ẹyin títí ó fi tán. Wọn ò lọ. Wọ́n dúró yí Akíntìmẹ́yìn ká, wọ́n ń wò ó, ahọ́n wọn ń yọ, ó ń wọlé. Ní ìdí etí rẹ̀, níbi tí kò lè yíjú sí, ohùn kan rọra sọ pé, "Máa lọ ire. A ò rí ọ."

Nígbà tí oòrùn là, tí kùrukùru ká, Ìyá Ṣíjú rí i. Ọkọ̀ wọn ò jìnnà sí i rárá. Ẹrẹ̀ ti mù ún dé ọrùn, ohùn rẹ̀ ti há. Obìnrin náà na àjẹ̀ sí i, ó fi gbogbo agbára wọ́ ọ jáde. Nígbà tí Ìyá Ṣíjú wẹ̀yìn wo iyanrìn, ipasẹ̀ tirẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Imọ̀ ọ̀pẹ náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò, níbi tí ọkọ rẹ̀ sọ ọ́ sí.

Akíntìmẹ́yìn yè, ṣùgbọ́n títí ó fi darúgbó, bó bá rìn díẹ̀, á dúró, á bojú wẹ̀yìn, á wo ilẹ̀ bóyá ipasẹ̀ òun ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó bá ń gbá ipasẹ̀ rẹ̀ rẹ́ kí ayé má baà rí ìwà rẹ̀, lọ́jọ́ tó bá ké gbà-mí, ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ náà ò ní rí ọ̀nà débẹ̀. Bí a bá ń yọ́ ilẹ̀ dà, ohun burúkú a máa yọ́ ni ṣe.