Káfíńtà tí kò lè sọ pé "Rárá"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ pa á tì. Ẹ kà á dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé àyè àtijẹun gan-an ò sí.

1.
Káfíńtà kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Kò-sí-wàhálà. Kì í ṣe pé wàhálà kò sí lọ́rùn rẹ̀ o! Ohun tó fi ń dá oníbàárà lóhùn ló di orúkọ. "Ṣé wàá parí ẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì?" "Kò sí wàhálà." "Ṣé wàá fi àga mẹ́fà kún un?" "Kò sí wàhálà." Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nínú iṣẹ́: bó bá so igi méjì pọ̀, èékánná ò lè wọ àárín wọn.

Ìyàwó rẹ̀ ra kàlẹ́ńdà fún un pé kó máa kọ ọjọ́ tó bá dá fún èèyàn sí i. Ó kàn án mọ́ ògiri lóòótọ́, ó wá fi ṣòkòtò iṣẹ́ kọ́ ìṣó náà. "Orí mi ni kàlẹ́ńdà mi," ló wí.

Ẹ̀gbọ́n kan tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà ní ṣọ́ọ̀bù lódìkejì títì. Iṣẹ́ mẹ́ta péré lòun máa ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ti di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, á ti ilẹ̀kùn. Kò-sí-wàhálà á máa fi ṣẹ̀fẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti fẹ́ lọ sùn ni? Iṣẹ́ kì í pani, ìṣẹ́ ní ń pani!"

Ẹ̀gbọ́n á rẹ́rìn-ín. "Àbúrò mi, ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Ìwọ, mélòó lò ń lé?"

2.
Nígbà tó yá, ilé ìwé kan ní kó kan ogún bẹ́ǹṣì. Kò sí wàhálà. Ilé ìwòsàn kan fẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Kò sí wàhálà. Ìyá àgbà kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, fẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọjọ́ Ẹtì kan náà ló dá fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ó bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀ pa pọ̀. Bó bá gé ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì méjì, á sáré lọ kun kọ́bọ́ọ̀dù. Kó tó kùn ún tán, fóònù á dún, á tún fò sídìí bẹ́ẹ̀dì. Orí ń fọ́ ọ. Àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì bí ẹni tí wọ́n ń lé. Lọ́jọ́ kan, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún méje, gbé ìwé wá: "Bàbá, ẹ wo ilé tí mo yà."

Ó jágbe mọ́ ọn. "Gbé e kúrò níwájú mi! Ṣé o ò rí i pé mò ń ṣiṣẹ́?"

Ọmọ náà ká ìwé rẹ̀, ó padà lọ.

Ìyàwó rẹ̀ rọra jókòó tì í. "Bàbá wọn, ẹ pe ilé ìwé yẹn, kí ẹ tọrọ ọ̀sẹ̀ kan sí i. Wọn ò ní pa yín jẹ."

"Kí wọ́n lè sọ pé apá mi ò ká iṣẹ́ mọ́? Láéláé!"

3.
Ní Ọjọ́bọ̀, kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu títí aago méjì ọ̀sán fi lù. Ó ń fi ayùn oníná la igi bẹ́ẹ̀dì. Ó ti yọ irin tó bo ẹnu ayùn náà láti ọjọ́ mẹ́ta, ó ní ó ń dá òun dúró. Fóònù dún nínú àpò rẹ̀. Ó dákẹ́. Ó tún dún. Nígbà tó dún lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi ọwọ́ ọ̀tún wá a nínú àpò, ó ń fi ọwọ́ òsì nìkan ti igi. Ojú rẹ̀ kúrò lára ayùn, kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ.

Igi náà yí. Ìka méjì lọ.

Ẹ̀gbọ́n ló gbọ́ igbe. Ó sáré sọdá títì, ó bọ́ ẹ̀wù ara rẹ̀ fi di ọwọ́ náà, ó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dókítà sa gbogbo ipá rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìka náà kò ṣeé so mọ́.

4.
Ní ọjọ́ kẹta, ìyá olùkọ́ wá kí i. Ẹ̀bẹ̀ ni Kò-sí-wàhálà kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́: "Mà, ẹ má bínú, bẹ́ẹ̀dì yín..."

Ìyá wo ọwọ́ tí wọ́n wé. "Ọmọ mi, ta ní ń lé ọ? Mo ṣì ní bẹ́ẹ̀dì tí mò ń sùn lé. Àlejò ni mo fẹ́ fi gbà, ó sì ku oṣù mẹ́ta kó tó dé. Ìwọ lo dá ọjọ́ Ẹtì. Ká ní o bi mí ni, ǹ bá sọ fún ọ."

Kò-sí-wàhálà kọjú sí ògiri, ó sunkún.

Ẹ̀gbọ́n ló bá a parí àwọn bẹ́ǹṣì. Àwọn ìka tó kù kò lè di igi mú gírígírí mọ́, ló bá ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Lónìí, ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n ló ti ń fi sáńpépà ha pákó tí ẹlòmíràn kàn. Ó ń jẹun lọ́sàn-án, ó sì ń sùn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi í léèrè bí ara ti rí, ohun tó máa ń sọ ni pé: "Ìsinmi tí mi ò fún ara mi, ayùn ló wá fún mi."

Ẹ̀yin tí ẹ kà á débí, ẹ gbọ́ o. Iṣẹ́ tí apá yín ò ká, ẹ sọ pé rárá. Kò sí èpè níbẹ̀. Ẹ bi oníbàárà pé ìgbà wo gan-an ló fẹ́ ẹ, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ parí ọ̀kan kí ẹ tó mú òmíràn. Bébi bá ń pa yín, ẹ jẹun. Bó bá rẹ̀ yín, ẹ dúró. Iṣẹ́ ò lè tán láyé, ṣùgbọ́n ara ò ní ìpààrọ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni yín tí kì í sinmi, kí ẹ sì rántí ohun tí àwọn àgbà wí: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.