Ta Ní Í Sanwó Eérú?

Ìyá Mojírọ́lá elépo ló kọ́kọ́ gbé ìròyìn náà wá sí ìsọ̀ mi. Ó ní owó igbó ti wà lọ́wọ́ Látẹ́jú láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ó ti fi ra páànù. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́. Ní Ìdí-Àfọ̀n, abúlé wa tó wà létí igbó ọba, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ọwọ́ Látẹ́jú kì í ṣí tó bá ti pa dé. Síbẹ̀, òun náà la fi ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ń gba owó ẹ̀ṣọ́ igbó àti owó ata. Ó mọ̀wé, ó sì lẹ́nu. Àṣìṣe wa nìyẹn.

Ẹran ìgbẹ́ ni mò ń tà tẹ́lẹ̀. Ọkọ mi ló ń pa á kó tó kú. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ mò ń rà á lọ́wọ́ àwọn ọdẹ, òun ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́rin. Àfi ìgbà tí àwọn tó ń dáàbò bo ẹranko wá bá wa sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn á máa sanwó oṣù fún ẹ̀ṣọ́ igbó, obìnrin tó bá sì fi ẹran sílẹ̀ á máa ta ata gbígbẹ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ náà. Erin kì í fẹ́ òórùn ata. Àwọn ẹ̀ṣọ́ á po ata mọ́ ìgbẹ́ erin, wọ́n á sá a kó gbẹ, wọ́n á dáná sí i létí oko. Èéfín rẹ̀ á lé erin padà, kò ní jẹ oko, ẹnikẹ́ni ò sì ní yìnbọn fún un. Mo gbà. Mo wó ààrò tí mo fi ń yan ẹran.

Apẹ̀rẹ̀ ata ogún ni mo kó sílẹ̀ láwìn. Nígbà tí mo lọ béèrè ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin náírà mi, Látẹ́jú jókòó sábẹ́ páànù tuntun, ó ń ta eyín.

"Ìyá Ṣíjú, ata yín dà?"

"Wọ́n ti sun ún."

"Ó ti di eérú nìyẹn. Ta ní í sanwó eérú?" Ó rẹ́rìn-ín.

"Alága, ọkọ mi ló kú, ojú mi ò kú. Ẹ má fi mí ṣe ọ̀bọ."

Mi ò gbé ata wá mọ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tí kò rí owó oṣù gbà náà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Fádípẹ̀ ló kẹ́yìn wọn. Ó bọ́ bàtà iṣẹ́ rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà alága. "Bàbá, ebi kì í ṣọ́ igbó," ló sọ, ó bá tirẹ̀ lọ.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ tán, erin wọ oko Látẹ́jú. Wọ́n jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n tẹ kòkó mọ́lẹ̀. Ó ń sáré káàkiri: "Ẹ gbé ata wá o! Àwọn ẹ̀ṣọ́ dà?" Mo ní kí wọ́n sọ fún un pé ata ti di eérú. Irọ́ ni. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta wà nílé mi lọ́jọ́ yẹn, mi ò gbé e jáde.

Ó bá háyà ọdẹ kan láti ìlú kejì. Ìyẹn yìnbọn pa abo erin kan. Ọmọ rẹ̀ dúró tì í fún ọjọ́ méjì, ó ń fi ọwọ́jà rẹ̀ tì í pé kó dìde. Èmi tí mo ti kun ẹran tà fún ogún ọdún, mi ò lè jẹun.

Àwọn tó ń fi owó ránṣẹ́ wá wò ó. Wọ́n ní kí Látẹ́jú san gbogbo gbèsè, tàbí kó fẹ̀wọ̀n jura. Wọ́n sì gbé owó wọn lọ síbòmíràn.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó bá jẹ owó ìṣọ́, ohun tí wọ́n ń ṣọ́ gan-an ló jẹ. Ẹni da eérú leérú ń tọ̀, ṣùgbọ́n tiwa yìí bà lé gbogbo abúlé, ó sì bà lé èmi náà.

Látẹ́jú ṣí páànù, ó tà á, ó fi imọ̀ ọ̀pẹ bo ilé. Ó wá sí ìsọ̀ mi, ó ka ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin sí mi lọ́wọ́. Ó pé. Kò rẹ́rìn-ín, èmi náà ò kí i.