Ẹni Tó Ń Ṣe Àmín

Inú ti bí Ìbídùn kí ó tó jáde nílé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí ẹnikẹ́ni ò wá sí àdúrà ìrọ̀lẹ́ mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tí bàbá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ mọ, nítorí wọ́n ní nǹkan kan ń bá àwọn gbàdúrà níbẹ̀. Bàbá Ìjọ, olórí ṣọ́ọ̀ṣì náà, pàdé rẹ̀ lọ́nà.

“Ìbídùn, má lọ. Lọ́la la máa ti ibẹ̀ pa.”

“Bàbá, ojú ò tì yín? Ṣebí ẹ̀yin lẹ ń wàásù pé ká má bẹ̀rù!”

Ìbídùn kọjá lára rẹ̀, ó wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ó tan àtùpà, ó kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ. Bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn dún, bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó. Kò bojú wẹ̀yìn.

“Olúwa, mo dúpẹ́ pé o…”

“Àmín,” ohùn kan wí lẹ́yìn rẹ̀.

Ó fẹ́ sá, àmọ́ ó rántí Ẹni tó kúnlẹ̀ fún, ìbínú sì borí ẹ̀rù.

“Ta ló ń ṣe àmín sí àdúrà tí mi ò tíì gbà tán? Ó dáa, ṣe é sí èyí! Jésù tó ni ilé yìí, ohunkóhun tó ń lé wa kúrò níbí, kó jáde báyìí, kó má padà wá láé!”

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́.

“O ò gbọ́ ni? Àmín rẹ ni mò ń retí!”

Bẹ́ǹṣì dún. Ẹsẹ̀ kan ń wọ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn ṣí, atẹ́gùn wọlé, iná àtùpà tẹ̀, ṣùgbọ́n kò kú. Ìbídùn ò dìde lórí ìkúnlẹ̀.

Láti òkèèrè níta, ó gbọ́ ọ, jẹ́jẹ́, bí ohùn ẹni tó ń sunkún:

“Àmín.”