Géètì Tí Kò Mọ Ìyàwó Ilé

Òjò ti ń ṣú bọ̀ nígbà tí Mojírọ́lá gbé ìkòkò ọbẹ̀ gbígbóná dé ilé àna rẹ̀ ní Ìkirè. Bíi ti gbogbo ilé láyé ìsinsìnyí, géètì tó ń sọ̀rọ̀ ló ń ṣọ́ ibẹ̀. Ìjọba ló náwó sí ìwádìí rẹ̀ nítorí ààbò ìlú, Mojírọ́lá gan-an sì wà lára àwọn onímọ̀ tó ṣe é.

"Ẹ káàbọ̀. Ta lẹ wá kí?"

"Bàbá ni."

"Bàbá pọ̀. Ẹ pe orúkọ wọn."

Háà! Ta ni yóò la ẹnu pe orúkọ bàbá ọkọ rẹ̀? Ó dán "Bàbá Akọ̀wé" wò, nítorí Akọ̀wé ni orúkọ tó fún àbúrò ọkọ rẹ̀. Géètì ní òun kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí ìdérí ìkòkò. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi kọ́ ọ ní ìbéèrè yìí!

Géètì ké sínú ilé: "Alàgbà Oyèníran, àjèjì kan wà níta. Kò lè pe orúkọ yín."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín.

"Àjèjì ni ì bá pè é! Ẹni tí kò lè pè é yẹn, ìyàwó wa ni. Ṣílẹ̀kùn jàre, kí ọbẹ̀ mi má baà tutù."