Ẹyin Inú Àwo Màmá

Jésùtómi tún tu ẹran náà sílẹ̀, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún ìyá rẹ̀ pé ọmọ ọdún méjì yìí ti fúyẹ́ jù, àfi kó máa jẹ oúnjẹ amáradàgbà. Ìyá rẹ̀ gbé ẹran tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹyin tó sè.

Ìyá ọkọ rẹ̀, tó ń fi ọbẹ̀ ẹja jẹ òkèlè púpurú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, gbójú sókè.

“Ìyàwó, mo ti sọ fún ọ. Ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin, olè ni yóò yà. Kò sì sí olè nínú ìran wa ní ìlú Òde-Ayé.”

“Màmá, ẹ má bínú. Lónìí, yóò jẹ ẹyin.”

“Lójú tèmi yìí?”

“Lójú yín, mà.”

Ó na ẹyin sí ọmọ. Ọmọ di ẹnu pinpin.

Màmá bú sẹ́rìn-ín. “Ó gbọ́n ju ìyá rẹ̀ lọ!”

Kó tó pa ẹnu dé, ọwọ́ kékeré kan ti wọ inú àwo rẹ̀. Jésùtómi ti gbé ègé ẹja, ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń jẹ ẹ́ wọ̀mùwọ̀mù.

“Olè! Ṣé mi ò wí?”

“Màmá, kò tíì fẹnu kan ẹyin o. Odindi rẹ̀ rèé lọ́wọ́ mi.”

Ọmọ ti ń yọ́ bọ̀ padà, epo ń dán létè rẹ̀. Ìyá rẹ̀ rọra gbé ẹyin náà sínú àwo ìyá ọkọ rẹ̀, kò sì bẹ̀bẹ̀.

Màmá wo ẹyin títí. Lẹ́yìn náà, ó yí ojú sí ìta, bí ẹni tó ń retí àlejò, ọwọ́ kékeré náà sì tún wọ inú àwo rẹ̀.