Orúkọ Tí Gaston Ò Fẹ́

Gaston ń fọwọ́ sọ̀yà: "Láyé, ẹnikẹ́ni ò ní dárúkọ bàbá mi nínú ilé yìí mọ́."

Ọdún kejì òmìnira lọ́wọ́ Faransé la wà, ní Kétu. Bàbá rẹ̀, tí gbogbo ìlú mọ̀ pé ó ń kó igbó gba ẹnubodè, ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni. Ìtìjú ò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ lè yọjú sọ́jà.

Ilẹ̀ ibojì ò tíì gbẹ tí Clémence, ìyàwó Gaston, fi bímọ.

Ọkùnrin ni.



Ìyá Gaston ní, "Gaston, o mọ orúkọ tó bá a wá. Babátúndé ni."

"Ìyá mi, ẹ má pè é bẹ́ẹ̀. Désiré ni. Ẹni tó lọ ti lọ."

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, aládùúgbò kankan ò wá.

Ọ̀gá àwọn aṣọ́bodè nìkan ló wọlé, tòun ti aṣọ iṣẹ́, ó ń fa àgbò kan.

Gaston sáré pàdé rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, a ò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ bàbá wa."

Ọ̀gá ò wò ó. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ọmọ jòjòló.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀. Látìgbà tẹ́ ẹ ti lọ, owó oṣù nìkan là ń jẹ."